Ìjọba ìṣọ̀kan ní Gúúsù Áfíríkà, 1994 àti 2024: kí ló gbé e ró, níbo ló sì ti ń jò?

Olùkọ́Ìtàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àpérò o. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí ANC, ẹgbẹ́ Mandela, ti pe àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wá sínú ìjọba ní Gúúsù Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé ìṣọ̀kan ayé Mandela ti padà dé. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún ìjọba méjèèjì: Ìjọba Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè. Ìwúrí ni fún mi pé ilẹ̀ yẹn ṣì lè jókòó sọ̀rọ̀, àmọ́ mo fẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ dáadáa. Òfin wo ló so wọ́n pọ̀ ní 1994? Iye wo, ètò wo, gbèdéke wo?

Kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín wa lè mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀: Òfin Ìforúkọsílẹ̀ Ará Ìlú ti 1950 ló pín gbogbo ènìyàn sí ẹ̀yà lábẹ́ ìwé ìjọba, aláwọ̀ funfun, adúláwọ̀, àti àwọn àdàlù ẹ̀yà tí wọ́n pè ní Coloured, lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwọn ará Íńdíà sọ́tọ̀. Tí àríyànjiyàn bá wà lórí ẹnìkan, òṣìṣẹ́ lè ki pẹ́ńsù bọ irun onítọ̀hún. Tó bá jábọ́, funfun ni. Tó bá há, ó ti bọ́ sí ẹ̀yà mìíràn nìyẹn. Ẹ̀yà tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ ló ń sọ àdúgbò tí wàá gbé, ilé ìwé tí ọmọ rẹ máa lọ, iṣẹ́ tó o lè ṣe, ẹni tó o lè fẹ́. Òfin Ilẹ̀ ti 1913 ti fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n pọ̀ jù lọ. Òfin ti 1936 sún un dé nǹkan bí ìdá 13. Ọdún 1991 ni wọ́n tó fagi lé àwọn òfin wọ̀nyí. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín ìgbà yẹn àti ọjọ́ tí gbogbo wọn jọ tò láti dìbò.

Amòfin_Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Lójú tèmi, inú òfin ìpìlẹ̀ onígbà díẹ̀, ìyẹn Òfin 200 ti ọdún 1993, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà.

Iná ń jó lágbègbè tí wọ́n ti ń kọ òfin yẹn ni. Ìpàdé CODESA, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti jíròrò lórí ìyípadà ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní Kempton Park lọ́jọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1992, de Klerk, Ààrẹ aláwọ̀ funfun ìgbà náà, bi àwọn aláwọ̀ funfun nìkan léèrè nípa ìbò bóyá kí ìjíròrò tẹ̀ síwájú, ìdá 68.7 nínú ọgọ́rùn-ún sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pa àwọn ènìyàn nípakúpa ní Boipatong, àdúgbò àwọn adúláwọ̀, ANC sì jáde kúrò nínú ìjíròrò. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ni Mandela àti de Klerk fọwọ́ sí àdéhùn tó dá wọn padà sórí tábìlì.

Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1993 ni wọ́n yìnbọn pa Chris Hani, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó jẹ́ alájọṣe ANC, níwájú ilé rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun, ló fún àwọn ọlọ́pàá ní nọ́ńbà ọkọ̀ apànìyàn náà. Mandela, tí kò tíì di ipò ìjọba kankan mú, ló bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun tó sì gbé síwájú wọn ni òótọ́ méjì yẹn pọ̀: aláwọ̀ funfun ló pa á, aláwọ̀ funfun ló fi ara rẹ̀ wéwu kí wọ́n lè mú apànìyàn. Ìlú kò dàrú pátápátá. Kí oṣù Kẹfà tó parí, wọ́n ti fẹnu kò sórí ọjọ́ ìdìbò: ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1994.

Wàyí o, kí ló mú àwọn aláwọ̀ funfun tí ọmọ ogun àti ọ́fíìsì wà lọ́wọ́ wọn gbà? Joe Slovo, tó jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ló dá àbá kan ní 1992: kí wọ́n pín agbára fún ọdún márùn-ún, kó sì kásẹ̀ nílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́ má ṣe dàrú. Inú bí àwọn kan nínú ANC gidigidi. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sanwó oṣù, ẹni tó ń tọ́jú ìbọn, ẹni tó mọ ibi tí fáìlì wà, gbogbo wọn lè da iṣẹ́ ìjọba tuntun rú bí wọ́n bá rò pé ebi ló kàn.

Àbá yẹn ló di iye nínú òfin. Ilé aṣòfin ní ìjókòó 400. Ẹgbẹ́ tó bá ní 80, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yan igbákejì Ààrẹ. Ẹgbẹ́ tó bá ní 20, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ipò mínísítà ní ìwọ̀n ìjókòó rẹ̀. Ẹni tó wọlé kò lágbára láti sọ pé òun kò fẹ́. Nígbà tí èsì dé, ANC ní ìdá 62.65 àti ìjókòó 252, National Party, ẹgbẹ́ de Klerk, ní ìdá 20.39 àti 82, Inkatha, ẹgbẹ́ àwọn Zulu, ní ìdá 10.54 àti 43. Mbeki ti ANC àti de Klerk di igbákejì; Buthelezi tó ń darí Inkatha di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ọ̀gá Amòfin, 82 kò fi bẹ́ẹ̀ ju 80 lọ. Ṣé ká ní 79 ni wọ́n ní, de Klerk ò bá ti pàdánù ipò yẹn?

Amòfin_Ìjẹ̀bú

Rárá, kò lè pàdánù rẹ̀. Abala 84 ti rí ìyẹn tẹ́lẹ̀: bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan péré ló dé 80, tàbí tí kò sí èyí tó dé ibẹ̀, ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kìíní àti èkejì ni yóò yan igbákejì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti di ihò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó dìbò.

Iye kan tún wà tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n nílò láti kọ òfin ìpìlẹ̀ tó máa dúró, ìjókòó 252 kò sì tó o. ANC kò lè dá a kọ. Wọ́n tún ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí ìlànà 34 tí òfin tuntun kò gbọdọ̀ rú, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sì ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòtù náà dá ìwé àkọ́kọ́ padà lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, wọ́n tún un ṣe, kóòtù fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 4 oṣù Kejìlá, Mandela sì buwọ́ lù ú ní Sharpeville lọ́jọ́ 10. Ní Sharpeville gan-an níbi tí ọlọ́pàá ti pa ènìyàn 69 ní 1960.

Ibi tó ti já ni pé òfin tuntun náà kò sọ pé pínpín agbára yóò máa bá a lọ. Ìdí pàtàkì tí National Party fi jáde lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1996 nìyẹn. Ọdún márùn-ún tí wọ́n dá, àwọn lo nǹkan bíi méjì. Inkatha dúró ní tirẹ̀.

Alábòójútó_Ìbò

Ẹ jẹ́ kí n kó ti ìdìbò gan-an wá, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ wà.

Kò sí ìwé orúkọ olùdìbò. Ẹ fọkàn sí i. Àkókò kò tó láti forúkọ mílíọ̀nù ènìyàn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní ìwé ìdánimọ̀ rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó ní ìwé ìdánimọ̀ tàbí káàdì onígbà díẹ̀, ibùdó yòówù kó lọ, wọ́n á jẹ́ kó dìbò. Báwo ni wọn ò ṣe ní dìbò lẹ́ẹ̀mejì? Tàdáwà tí ojú lásán kì í rí ni wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá gbé ọwọ́ sábẹ́ iná àkànṣe, á tàn.

Ìwé ìdìbò ní ẹgbẹ́ 19, pẹ̀lú orúkọ, àmì, àti fọ́tò olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ tirẹ̀. Méjì ni wọ́n fún olùdìbò: ọ̀kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ọ̀kan fún ìpínlẹ̀. Ìwé kan ni wọ́n fẹ́ lò tẹ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kọ̀, wọ́n sì gbà fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1994.

Ohun tó dàrú: lákọ̀ọ́kọ́, nítorí pé kò sí ìwé orúkọ, kò sẹ́ni tó mọ iye ènìyàn tí yóò wá sí ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìdìbò tán níbì kan, ó ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ níbòmíràn. Ọjọ́ 26 wà fún àwọn arúgbó, aláìsàn àti àwọn tó wà lókè òkun, ọjọ́ 27 àti 28 fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ní láti fi ọjọ́ 29 kún un láwọn agbègbè kan. Èkejì, ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ni Inkatha tó gbà láti kópa. Wọ́n ti tẹ ìwé ìdìbò tán. Sítíkà ni wọ́n tẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó ṣòro ni, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá ṣe é, ogun abẹ́lé ni wọn ì bá máa sọ nípa rẹ̀ ní KwaZulu-Natal lónìí. Mílíọ̀nù 19 ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dìbò. Ẹ wo àwọn àwòrán ìlà yẹn: ìyàwó ilé aláwọ̀ funfun àti obìnrin tó ń bá a fọṣọ dúró lórí ìlà kan náà fún wákàtí pípẹ́, ìbò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ oníkálukú. Ó ṣì máa ń mú orí mi wú.

Adùkẹ́_Lọ́ndọ̀nù

Ẹ ṣé o. Kí la wá fẹ́ sọ nípa bọ́ọ̀lù rugby 1995? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìṣọ̀kan yẹn sí.

Olùkọ́Ìtàn

Adùkẹ́, ó ní àyè tirẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1995, ní Ellis Park, 15 sí 12, bọ́ọ̀lù tí Joel Stransky gbá ní àfikún àkókò ló fún wọn ní ife àgbáyé lórí New Zealand. Mandela wọ ẹ̀wù nọ́ńbà 6 ti Pienaar, balógun ẹgbẹ́ náà, ẹ̀wù tí àwọn adúláwọ̀ ti kórìíra nítorí pé ti àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n kà á sí. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n adúláwọ̀ tàbí Coloured mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà? Ọ̀kan: Chester Williams. Ó gba ọdún 24 kí wọ́n tó gba ife yẹn lábẹ́ balógun adúláwọ̀, Siya Kolisi, ní Yokohama ní 2019, 32 sí 12. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni pápá ìṣeré, olùkọ́ni àti oúnjẹ aṣaralóore fún ọmọ ilé ìwé. Kolisi fúnra rẹ̀ jáde láti Zwide, àdúgbò àwọn adúláwọ̀, ó sì gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí ilé ìwé tó ní pápá gidi.

Àṣàkẹ́_Òtítọ́

Kò sí ẹni tó tíì fẹnu ba Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Òfin 34 ti ọdún 1995 ló dá a sílẹ̀, Àlùfáà Àgbà Desmond Tutu sì ni alága. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní: ọ̀kan gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí wọ́n ṣe níbi, ọ̀kan ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àforíjì, ìyẹn kí òfin má ṣe fìyà jẹ ẹni tó jẹ́wọ́, ọ̀kan ń dá àbá lórí owó gbà-má-bínú fún àwọn tó jìyà. Ìjókòó àkọ́kọ́ wáyé ní East London lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1996. Ẹni tó ju 21,000 lọ ló jẹ́rìí nípa ìyà tó jẹ wọ́n.

Bí àforíjì ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Olùbẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ náà ní ète òṣèlú. Pé ó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù Kẹta ọdún 1960 sí ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1994. Pé kì í ṣe nítorí owó tàbí ìkórìíra ara ẹni. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ gbogbo òtítọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Kò pọn dandan kó bẹ ẹni tó ṣẹ̀ pé kó má bínú. Ẹni 7,112 ló kọ̀wé, 849 ni wọ́n fún. Àwọn méjì tó wà nídìí ikú Hani, Walus àti Derby-Lewis, wà lára àwọn tí wọ́n kọ̀ fún: ìgbìmọ̀ ní wọn ò sọ gbogbo òtítọ́, àti pé kò sẹ́gbẹ́ tó rán wọn níṣẹ́.

Ibi tí ìwọ̀n náà ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ẹni tó bá gba àforíjì, lọ́jọ́ náà gan-an ló bọ́. Ẹjọ́ ọ̀daràn kò sí mọ́, ẹjọ́ owó gbà-má-bínú kò sí mọ́, ẹbí olóògbé kò sì lè pe ìjọba pàápàá lẹ́jọ́. Ìdílé Steve Biko, ajàjàgbara tó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá, wà lára àwọn tó gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní 1996, kóòtù sì ní òfin náà dúró. Ẹni tó pàdánù ọmọ ní láti dúró de owó. Ìgbìmọ̀ dá àbá pé kí wọ́n máa san owó lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà. Ọdún 2003 ni ìjọba tó dáhùn: 30,000 rándì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbèdéke wà fún ẹni tó fẹ́ àforíjì, kò sí èyí tó de ìjọba tó jẹ gbèsè. Inú mi kì í dùn sí ìyẹn rárá.

Èkejì ni àwọn ẹjọ́ tí wọ́n fi lé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́, nǹkan bí 300, ti àwọn tí kò gba àforíjì tàbí tí kò tilẹ̀ béèrè. Díẹ̀ báyìí ló dé kóòtù. Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni Ààrẹ Ramaphosa tó kéde ìgbìmọ̀ ìwádìí kan láti tọpinpin bóyá àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ dínà àwọn ẹjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń dúró ti kú.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Nígbà tí Obásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ Oputa kalẹ̀ níbí ní 1999 láti wádìí ìwà ìkà ayé ológun, ti Gúúsù Áfíríkà ni gbogbo ènìyàn ń wò. Kí ló dé tí tiwa kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀?

Amòfin_Ìjẹ̀bú

Tiwọn, ilé aṣòfin ló fi òfin dá a sílẹ̀ lẹ́yìn àríyànjiyàn gbogbo ẹgbẹ́, ó sì ní nǹkan tó lè fún apànìyàn: àforíjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́pàá aṣekúpani fi wá sọ ibi tí wọ́n sin òkú sí. Oputa kò ní àforíjì láti fúnni, ó sì dúró lórí òfin ìgbìmọ̀ ìwádìí àtijọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wá sọ ní 2003 pé kò fún ìjọba àpapọ̀ lágbára kọjá Àbújá. Àwọn olórí ológun àná kan kọ̀ láti yọjú, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ìjọba kò gbé àbọ̀ náà jáde fún ará ìlú.

Oníṣòwò_Jóbọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni ìṣọ̀kan yẹn ti ń jò jù. Báńkì Àgbáyé ka ilẹ̀ yẹn sí ibi tí àlàfo láàárín olówó àti tálákà ti fẹ̀ jù láyé, Gini rẹ̀, òṣùwọ̀n àlàfo yẹn láti 0 dé 1, wà ní nǹkan bí 0.63. Ó ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí kò níṣẹ́.

Òfin tí wọ́n fi ń gbógun tì í ni B-BBEE, òfin ìgbéga ọrọ̀ ajé àwọn adúláwọ̀, ti 2003. Máàkì ni wọ́n ń fún ilé iṣẹ́. Níní ìpín fún adúláwọ̀ ní máàkì 25. Ríra ọjà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adúláwọ̀ àti gbígbé wọn dìde ló gba máàkì tó pọ̀ jù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ipò ọ̀gá ní tiwọn. Iṣẹ́ àánú láwùjọ ní 5. Ilé iṣẹ́ tó bá dé 100 wà ní ipele 1, oníbàárà tó bá ra ọjà 100 rándì lọ́wọ́ rẹ̀ á sì kà á sí 135 nínú ìṣirò tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò tó mílíọ̀nù 10 rándì kò nílò alámòójútó: ìwé ìbúra lásán tó, ipele 4 sì ni, àfi tí adúláwọ̀ bá ní ìdá 51, tó di ipele 2, tàbí tó ni gbogbo rẹ̀, tó di ipele 1.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣubú: nínú níní ìpín, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ríra ọjà, wọ́n ní láti dé ó kéré tán ìdá 40 nínú gbèdéke tí òfin là sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ ńlá tó bá kùnà nínú ọ̀kan ṣoṣo, ipele kan ló máa já sílẹ̀, bó ti wù kí àròpọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó. Àwọn mìíràn á kọ orúkọ aṣọ́gbà wọn sílẹ̀ bí ẹni tó ni ìpín. Láti ìgbà àtúnṣe 2013, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 wà fún ìyẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 kò dára. Gbèsè ni àwọn adúláwọ̀ fi ra ìpín, kí èrè máa san gbèsè náà. Nígbà tí ọjà ìpín wó ní 1998, ìpín kò tó gbèsè mọ́, ọwọ́ wọn sì ṣófo. Àwọn tó sún mọ́ òṣèlú ló là á já.

Adùkẹ́_Lọ́ndọ̀nù

Ilẹ̀ ńkọ́?

Oníṣòwò_Jóbọ̀

Òfin 22 ti 1994 ní kí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1913 wá béèrè, ó pẹ́ jù ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1998. Nǹkan bí 80,000 ìbéèrè ló wọlé. Ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀ ṣáájú 1913 kò lẹ́tọ̀ọ́ rárá, ìyẹn sì pọ̀. Ìjọba tún pinnu láti pín ìdá 30 ilẹ̀ oko láàárín ọdún márùn-ún, kò sì sún mọ́ ọn. Àyẹ̀wò ìjọba ti 2017 ní ìdá 72 nínú ilẹ̀ oko tó wà lórúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun. Ọ̀pọ̀ tó béèrè gba owó dípò ilẹ̀, nítorí ilé ti bo ilẹ̀ wọn nínú ìlú. Àwọn tó gba oko gan-an, ọ̀pọ̀ kò rí owó irúgbìn tàbí ẹ̀rọ omi gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Alábòójútó_Ìbò

Ká wá bọ́ sí 2024. ANC ní ìdá 40.18 àti ìjókòó 159, ẹgbẹ́ alátakò DA ní 87, MK ti Zuma ní 58, EFF ti Malema ní 39. Òfin ní ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ jókòó láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì, kí wọ́n sì yan Ààrẹ níbẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ni wọ́n kéde, ọjọ́ 14 ni wọ́n jókòó. Àárín ìgbà yẹn ni gbogbo àdéhùn ti wáyé. Ramaphosa ní ìbò 283, Malema 44.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti 1994 kò kéré. Nígbà náà, òfin ló fún ẹgbẹ́ kéékèèké ní ipò. Ní báyìí, ìwé àdéhùn lásán ni: ìpinnu ńlá nílò ìfọwọ́sí àwọn ẹgbẹ́ tó ní ìdá 60 ìjókòó. Ààrẹ ṣì lágbára láti yọ mínísítà tó bá wù ú. Ó yọ igbákejì mínísítà kan láti DA ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ẹ wo ètò ìnáwó 2025: ìjọba fẹ́ fi ìdajì ìdá kan kún owó orí ọjà, DA tó wà nínú ìjọba náà dìbò tako ìlànà ìnáwó, ó sì kọjá pẹ̀lú 194 sí 182. Lẹ́yìn náà, kí oṣù Kẹrin tó parí, wọ́n jáwọ́ nínú àfikún owó orí náà. Mo rí ìrètí níbẹ̀. Wọ́n bá ara wọn jà dé kóòtù, wọn ò sì fi ìjọba sílẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ìbéèrè kan ló ṣẹ́ kù fún mi, Oníṣòwò. Ọmọ Nàìjíríà tó ti di ọmọ ìlú ibẹ̀, tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ṣé wọ́n á kà á sí adúláwọ̀ nínú máàkì B-BBEE yẹn?

Oníṣòwò_Jóbọ̀

Ó dá lórí ọjọ́ tó gba ìwé. Ẹni tí òfin náà ń wá ni adúláwọ̀, Coloured tàbí ará Íńdíà tó jẹ́ ọmọ ìlú nípa ìbí tàbí ìran, tàbí tó di ọmọ ìlú ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1994, tàbí ẹni tí ì bá ti dà á ṣáájú ọjọ́ yẹn bí kò bá sí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó dí i lọ́nà. Ẹni tó dé lẹ́yìn náà, tó gba ìwé ní 2005, kò sí nínú rẹ̀, bí àwọ̀ rẹ̀ ti wù kó dúdú tó. Ó lè forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lè ṣòwò, ó lè dìbò, ṣùgbọ́n ìpín tirẹ̀ kò ní máàkì. Ọmọ tó bí síbẹ̀ lẹ́yìn tó ti di ọmọ ìlú, ọmọ ìlú nípa ìbí ni, wọ́n á kà á. Kí onítọ̀hún má ṣe fọwọ́ sí ìwé ìbúra ipele 1 láìwo ọjọ́ yẹn, torí ìwé ìbúra èké ni, ọ̀ràn sì ni.